Apá mọ́mì mi ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú: ta ló mọ̀ nípa másáàjì omi ara?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mọ́mì mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún wọn, ọmú ọ̀tún. Wọ́n yọ àwọn kókó abíyá mọ́ ọn, lẹ́yìn ìyẹn mọ́mì gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa ìyókù jẹjẹrẹ. A dúpẹ́, àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e dára.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ó ń wọn mọ́mì fún bùbá ìgbéyàwó àbúrò mi, ló bá ní, "Mama, ọwọ́ ọ̀tún yín tóbi ju tòsì lọ o." A fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, òrùka ò wọ̀ mọ́, wọ́n sì ní apá yẹn ń wúwo bíi pé ẹnì kan so àpò ìrẹsì mọ́ ọn. Kò dùn wọ́n, ó kàn wúwo.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ ju ara lọ. Aládùúgbò wa ní kí n fi omi gbígbóná àti òrí ra á dáadáa lálaalẹ́. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní òun mọ bàbá kan tó máa sín gbẹ́rẹ́ sí i kí omi inú ẹ̀ lè jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mọ́mì tó wà ní London wá ní másáàjì kan wà tí wọ́n ń pè ní lymphatic drainage, pé ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo wá a lórí Instagram, spa ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn ní àwọn ń ṣe é, wọ́n tún ní ó ń mú ikùn wálẹ̀. Èwo ni ká gbọ́? Ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lẹ́. Bá mi kí mọ́mì. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń bá tèmi yí, apá òsì ni. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá onígbẹ́rẹ́ kọjá ẹnu ọ̀nà yín. Èmi fi omi gbígbóná àti ìpara tó ń ta ra tèmi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ṣe ló ń wú sí i. Ọjà ni mo wà báyìí, mo máa padà wá. Físíò wa, ẹni tó ń fọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara, á ti dé kí n tó délé.

Físíò Ìbàdàn

Mo ti dé, ìyá wa.

Àbẹ̀kẹ́, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe másáàjì rárá. Ẹ gbé mọ́mì padà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi ara tó há ló máa ń fa irú wíwú yìí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan lè fà á, jẹjẹrẹ tó fẹ́ padà sí abíyá náà lè fà á. Ẹni tó máa fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́.

Tó bá jẹ́ omi ara ni, bó ṣe ń rìn nìyí. Nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín, omi díẹ̀ máa ń jò sí àárín ẹran ara. Àwọn òpó mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, àwọn ló ń fa omi yẹn mu, tí wọ́n ń gbé e gba inú àwọn kókó kọjá bí ẹní ń sẹ́ ògì, tí wọ́n á wá dà á padà sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá ọrùn. Ó tó lítà méjì sí mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ kúkú mọ àwọn kókó náà. Bí ìṣó bá gún ọmọdé lẹ́sẹ̀ tí ojú ọgbẹ́ sì kẹ̀, ṣé kókó kì í so sí ibi tí itan ti pàdé ikùn? Òun náà nìyẹn.

Omi yìí ò ní ọkàn tó ń tì í bíi ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn òpó ẹ̀ ń sún kì díẹ̀díẹ̀, ìyókù dọwọ́ mímí wa àti bí a ṣe ń lo ara. Nígbà tí wọ́n bá yọ kókó abíyá, tí ìtànṣán tún mú kí ibẹ̀ le, omi á ṣì máa wọ apá bó ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà àbájáde ló ti di tóóró. Ó lè yọjú láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè pé ọdún mẹ́wàá kó tó yọjú. Mọ́mì ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa.

Ní ti másáàjì náà, òótọ́ ló wà. Emil Vodder, ará Denmark, àti Estrid ìyàwó ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 1932. Àwọn tí kátá ò fi sílẹ̀, tí kókó ọrùn wọn sì wú, ni wọ́n ń fọwọ́ tọ́jú, nígbà tó jẹ́ pé àwọn dókítà ìgbà yẹn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kókó. Wọ́n gbé e jáde ní Paris ní 1936. Dókítà Michael Földi àtàwọn mìíràn ní Jámánì ló wá so ó pọ̀ mọ́ báńdéèjì, ìtọ́jú awọ ara àti eré ìdárayá. Àpapọ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn ń lò. Ẹni tó bá ń ta másáàjì nìkan fún yín, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń tà.

Ṣadé Ọmọ Ẹ̀gbá

Físíò, ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báwo? Nítorí tí mo bá sanwó másáàjì, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lára 😀

Físíò Ìbàdàn

Ṣadé, ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé ẹ̀yìn ọwọ́ kejì báyìí. Sún awọ nìkan, má jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lórí ẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ títí tí wàá fi kan ẹran. Ó dé ibi tí awọ lè dé, ó dúró. Wá jù ú sílẹ̀, kó padà fúnra ẹ̀. Ó parí. Bó ṣe máa lọ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi márùn-ún sí méje lójú kan, kí ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀. A kì í fi òróró sí i, torí òróró á jẹ́ kí ọwọ́ máa yọ̀, awọ ò sì ní sún. Abẹ́ awọ gan-an ni àwọn òpó kéékèèké yẹn wà, wọn ò jìn. Bí o bá fi ìgbọ̀nwọ́ rìn ín, ẹ̀jẹ̀ ni wàá pè wá síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì jo omi sí i. Tí ojú ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó bá ń dunni, ọwọ́ ti wúwo jù.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wú. Gọ́tà tó dí níwájú ilé, ṣé ẹ̀yìnkùlé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi wá? Inú pálọ̀ ni omi máa gbà. Ẹnu ibi tó ń já sí lẹ máa kọ́kọ́ kó. Nítorí náà ọrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú kòtò tó wà lókè eegun iwájú èjìká, òsì àtọ̀tún. Lẹ́yìn ẹ̀, kí aláìsàn mí kanlẹ̀ bíi márùn-ún kí ikùn gbéra. Ti mọ́mì Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ apá ọ̀tún, abíyá òsì tó pé ló kàn, lẹ́yìn náà ibi tí itan ọ̀tún ti pàdé ikùn. Àyà ló tẹ̀ lé e, a máa sún un láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ìgbà yẹn la tó dé apá fúnra ẹ̀: òkè ìgbọ̀nwọ́ ká tó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìka ló kẹ́yìn, ká wá padà máa darí gbogbo ẹ̀ lọ sókè. Odindi ẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹlòmíràn á sùn lọ.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ ya tẹ́ẹ̀pù télọ̀ yẹn. Ẹ wọn apá méjèèjì ní ọrùn ọwọ́, ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, àti mẹ́wàá sókè ẹ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí apá kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì ju èkejì lọ lójú kan náà, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Bọ́lá L.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ṣe iṣẹ́ abẹ fífa ọ̀rá ikùn ní Èkó ní ọdún tó kọjá. Ẹ má bú mi. Wọ́n ní mo máa nílò másáàjì yìí lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo bá lọ sí spa kan tí mo rí lórí fóònù. Obìnrin yẹn fi igi roboto yí ikùn mi bí ẹní ń yí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ó wá ń fún ojú ibi tí wọ́n rán, kí omi lè tú jáde níbẹ̀. Mò ń sunkún, ó ní kí n fara dà á, pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Ní ọjọ́ kẹrin ikùn mi dúdú bíi ti ẹni tí wọ́n lù, ojú ọgbẹ́ kan kẹ̀, ibà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lo oògùn. Ohun tí Físíò ṣàlàyé yìí, n ò rí ìdá mẹ́wàá ẹ̀ níbẹ̀.

Onímásáàjì Ìkẹjà

Kì í ṣe gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀ o, Bọ́lá. Mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà gan-an ló ń fẹ́ agbára. Bí mo bá fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ ṣe é, wọ́n á ní mo kàn fọwọ́ pa wọ́n lára. Ó sì wúlò fún àwọn tó fẹ́ yọ májèlé ara, ara wọn máa ń fúyẹ́.

Físíò Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ẹ ń ṣiṣẹ́ yín dáadáa, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n májèlé wo? Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá wa yanjú ìyẹn. Omi ara kì í ṣe ọ̀rá, kò sí másáàjì tó ń fa ọ̀rá jáde. Ikùn tó wálẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn másáàjì, omi ló sún, á padà dé kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Ẹni tí ara ẹ̀ fúyẹ́ torí ó sinmi fún wákàtí kan, ohun rere ni, ẹ kàn má fi orúkọ mìíràn pè é. Ojú ibi tí wọ́n rán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fún un àyàfi dókítà.

Onímásáàjì Ìkẹjà

Mo gbọ́. Lórí ti ojú ọgbẹ́ yẹn mo gbà pẹ̀lú yín pátápátá.

Dàpọ̀ São Paulo

Níbi tí mo wà ní Brazil, drenagem linfática ni wọ́n ń pè é, ó wọ́pọ̀ bí ilé onírun. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà, aláboyún tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, gbogbo wọn ló ń lọ. Ìyàwó mi wà nínú oṣù keje, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ náà wá ń wú. A lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ládùúgbò. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó mú ẹ̀rọ jáde, ó wọn ìfúnpá ẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó ní òun ò ní ṣe é, pé ká máa lọ sílé ìwòsàn kíákíá, ká má tiẹ̀ yà sílé. Inú bí mi lọ́nà o, mo ní a ti sanwó takisí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Ìyá àtọmọ wà láyé lónìí. Ẹni tí ò bá bi yín ní ìbéèrè kan kó tó gbọ́wọ́ lé yín lára, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Peckham

Dàpọ̀, obìnrin yẹn kọ́ iṣẹ́. Ẹ kú oríire.

Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tí apá wọn wú níbí fún ọdún bíi mẹ́jọ, kí n fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí apá bá ti wú púpọ̀, báńdéèjì la fi ń bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Kì í ṣe báńdéèjì tó ń nà bíi rọ́bà tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì o. Èyí tí kì í fẹ́ nà ni, kó lè jẹ́ pé bí iṣan apá bá ti ń ṣiṣẹ́, á rí nǹkan tì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó wé e, torí báńdéèjì tí wọ́n wé dà máa ń dá omi dúró síbi kan. Tí apá bá ti fà, a máa wá wọn slíìfù fún aláìsàn, ìyẹn aṣọ gígùn tó fún mọ́ apá láti ọrùn ọwọ́ dé nítòsí abíyá. Ìyẹn ni wọ́n á máa wọ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́, wọ́n á bọ́ ọ sùn.

Ní 2015 àwọn kan kó ìwádìí oríṣiríṣi lórí másáàjì yìí jọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé báńdéèjì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, másáàjì ń fi díẹ̀ kún un, pàápàá fún ẹni tí wíwú tiẹ̀ ò tíì pọ̀. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ pé owó ohun kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fi ra slíìfù tí wọ́n wọ̀n fún mọ́mì gan-an. Ẹ lè kọ́ másáàjì náà lọ́dọ̀ físíò, kẹ́ ẹ máa ṣe é nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń bà mí lẹ́rù. Ìyá kan tí mo tọ́jú lọ sílé ní Ìjẹ̀bú fún ọdún. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ lápá yẹn, ó yún un, ó ha á. Ilẹ̀ mọ́, apá pọ́n, ó gbóná bí ìkòkò orí iná, ara ń gbọ̀n. Gbogbo ilé ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe ibà, àkóràn ló wọ abẹ́ awọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí mọ́mì, kò sí másáàjì, kò sí báńdéèjì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n fún wọn ní oògùn apakòkòrò. Bó bá ṣe ń ṣe léraléra ni àwọn òpó omi yẹn á ṣe máa bàjẹ́ sí i. Kí mọ́mì máa fi ìpara tí kò ta pa apá, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá ń ṣa ewé tàbí fọ abọ́, kí wọ́n sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ṣadé Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi méjèèjì ń wú lálẹ́. Ṣé ká lọ ṣe másáàjì yìí fún wọn?

Físíò Ìbàdàn

Rárá, ẹ má tíì ṣe é. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ ń wú, ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ la máa kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ọkàn ò bá lágbára, tí ẹ wá darí omi púpọ̀ lọ bá a, ẹ ti di ẹrù lé e lórí. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ṣadé Ọmọ Ẹ̀gbá

Bẹ́ẹ̀ ni. Amlodipine, láti oṣù méjì.

Físíò Ìbàdàn

Oògùn yẹn fúnra ẹ̀ máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn o. Kí wọ́n lọ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú lójijì, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ń dùn, kí ẹnikẹ́ni má ra á. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà níbẹ̀, bó bá ṣí kúrò, ó lè lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá Àkànní, Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ òsì mi ti wú láti 2003. Wọ́n ní mo tẹ oògùn mọ́lẹ̀ lọ́nà oko. Mo ti náwó, mo ti lọ sórí òkè. Dókítà kan wá ní jàbùtẹ̀ ni. Ṣé ọwọ́ tí ẹ ń sọ yìí lè mú un fà?

Físíò Ìbàdàn

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò jàbùtẹ̀ kiri, inú àwọn òpó omi tí à ń sọ yìí gan-an ni aràn náà ń gbé, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń bà á jẹ́. Kì í ṣe ohun tí ẹ tẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún, ivermectin pẹ̀lú albendazole, àwọn ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa, kó má bàa ran ẹlòmíràn. Ẹ lò ó bí wọ́n bá fún yín, àmọ́ kì í mú ẹsẹ̀ tó ti wú fà. Másáàjì nìkan ò lè mú irú wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí fà, n ò ní purọ́ fún yín. Omi àti ọṣẹ ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù.

Ọmọ Atakpamé

Bàbá, ẹ gbọ́ ti Tógò. Jàbùtẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa dáadáa tẹ́lẹ̀. Wọ́n pín oògùn títí, ní 2017 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Tógò ti ṣẹ́gun ẹ̀ débi pé kì í ṣe ìṣòro ìlú mọ́, àwa la kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo Áfíríkà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àmọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti wú ṣì wà, àǹtí mi wà nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ló wá kọ́ wọn ní fífọ ẹsẹ̀.

Bí àǹtí mi ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á gbé abọ́ omi tútù kalẹ̀ àti ọṣẹ lásán, kì í ṣe èyí tó ń ta. Wọ́n á fọ̀ ọ́ láti orúnkún wálẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, inú gbogbo ìṣẹ́po awọ, àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣan án títí omi á fi mọ́. Kò tán síbẹ̀ o: aṣọ fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń gbẹ àárín ìka, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ wọ́n á fà á yọ, torí ibi tó bá tutù ni ìpéle ti ń mú. Wọ́n á wá wò ó bóyá ó sán níbì kan, wọ́n á fi oògùn sí i. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n á máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́. Tẹ́lẹ̀ ibà ẹsẹ̀ yẹn máa ń dá wọn dùbúlẹ̀ ní gbogbo oṣù. Ẹsẹ̀ ò kéré púpọ̀, àmọ́ ibà yẹn ti lọ, òórùn ti lọ, wọ́n sì ti padà sọ́jà.

Bàbá Àkànní, Òkè-Ògùn

Ọṣẹ lásán. Ọdún wo ni mo ti ń fi ewé àti ọṣẹ olóògùn fọ̀ ọ́. Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ kí àǹtí yín.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Mo ti padà délé o, ẹ ti sọ ọ́ tán! Kí n kàn sọ bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá mí kanlẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn. Màá fi ìka méjì yí kòtò ọrùn, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ọ̀rá mọ́ ọmọ ìkókó lórí. Abíyá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ibi itan òsì. Màá sún awọ àyà lọ sí ọ̀tún. Apá ló kẹ́yìn, n kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà yẹn ni màá wọ slíìfù kí n tó dìde lọ dáná. Ọjọ́ tí mo bá fo slíìfù, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo bá fo másáàjì, nígbà míì n kì í mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ooru Ìbàdàn kò bá slíìfù ṣọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí mọ́mì mọ̀. Ní oṣù kẹta, bí ẹni tó wọ kóòtù ni.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Dókítà yẹ mọ́mì wò, wọ́n ṣe skáànù, jẹjẹrẹ ò padà, ẹ̀jẹ̀ ò dì. Omi ara ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, òkè ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún jẹ́ 32.5, òsì jẹ́ 29. Físíò wé báńdéèjì fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń ṣe másáàjì náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mọ́mì dùbúlẹ̀, wọ́n ń retí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n yíjú sí mi: "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti bẹ̀rẹ̀ 😂 Wọ́n sùn lọ lẹ́yìn ìyẹn.

30.5 ló wà báyìí. Òrùka ò tíì wọ̀, àmọ́ bùbá ti wọ̀ láìtú apá. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo la ṣe ń fọ slíìfù? Mọ́mì sì ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n ní ṣé àwọn lè gún iyán.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà lára, kí ọ̀kan wà lórí okùn. Omi lásán àti ọṣẹ fẹ́lẹ́, lálaalẹ́. Ẹ má fún un bí ẹní ń fún aṣọ òfì, ẹ fi tówẹ̀lì ká a kó fa omi mu, kí ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má lọ̀ ọ́. Bó bá ti ń yọ̀ wálẹ̀ lápá, ó ti gbó. Tèmi kì í pé oṣù mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Peckham

Lórí iyán: tẹ́lẹ̀ a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi apá yẹn gbé nǹkan kan. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, obìnrin 141 ni wọ́n lò, apá gbogbo wọn ti wú tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àmójútó, apá wọn ò wú ju ti àwọn tí ò gbé lọ, ìyọnu apá wọn tiẹ̀ dín kù. Ọ̀rọ̀ wíwọn ìfúnpá àti fífa ẹ̀jẹ̀ lápá yẹn náà, òmíràn jáde ní 2016 tí ò rí i pé ó ń fa wíwú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí apá kejì bá wà, a ṣì máa ń lo ìyẹn. Nítorí náà iyán kì í ṣe èèwọ̀. Kí mọ́mì wọ slíìfù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odó kékeré, iṣu díẹ̀, kí wọ́n máa sinmi, kí wọ́n lo apá méjèèjì. Ẹ wọn apá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá wú, ẹ dín in kù.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Wọ́n ti gún un kí n tó ka ìdáhùn yín tán. Iṣu kan àbọ̀, odó kékeré, slíìfù wà lọ́wọ́, ìyẹ̀fun iṣu wà lára slíìfù.

Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. 30.5.